Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Yín Ti Ń Gbóná: Ṣé Ká Tún Un Ṣe ni, àbí Ká Ra Òmíràn?

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ní Nàìjíríà, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ òní kàn yín díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la fẹ́ sọ. Mo ní ọkọ̀ o, n kò ní ọkọ. Ti ọkọ, pásítọ̀ àti àwọn àgbà ẹbí ni kí ẹ lọ bá.

Ìyá kan ní Thamesmead ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ló ń ṣe. Ilé mẹ́rin ló máa ń dé kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, láti Abbey Wood dé Plumstead. Ọkọ̀ rẹ̀, pẹtiróòlù ló ń mu, ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é, ó ti rin 98,000 máìlì. Ó ní òun wà lórí Eastern Way láàárọ̀ kùtùkùtù nígbà tí abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn gòkè wọ ibi pupa. Ó pè mẹ́káníìkì kan, ìyẹn wò ó, ó ní head gasket ti lọ, £1,900 ni òun yóò gbà. Ìyá yìí wá lọ wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí i pé irú ọkọ̀ náà kò ju £1,700 lọ, bó tilẹ̀ yá gágá. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ mi ní kí n gbé e jù nù. Ọkọ mi ní kí n tún un ṣe. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

Mo sọ fún un pé àwọn méjèèjì ti ń dáhùn kí wọ́n tó gbọ́ ìbéèrè.

Kí n tó dárúkọ owó rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Bí iná pupa bá tàn níwájú yín, tàbí tí abẹ́rẹ́ ooru bá wọ ibi pupa, ẹ wá ibi tí kò léwu, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má sọ pé ilé ò jìnnà mọ́. Mo mọ̀ pé ilé ò jìnnà. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó kù yẹn gan-an ló ń pa ẹ́ńjìnnì. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe orí ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé òde òní. Bí ooru bá ti kọjá àyè, á tẹ̀ bí ìdérí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná, bó bá sì ti tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun nìkan kò lè dí i mọ́. Iná ọ́ìlì pupa tiẹ̀ burú ju ti ooru lọ, torí pé irin ló ń họ irin nínú lọ́hùn-ún. Èyí tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì, tó pọ́n bí ọsàn, ìyẹn yàtọ̀. Bó bá dúró jẹ́ẹ́, tí ọkọ̀ sì ń rìn dáadáa, ẹ lè rọra wà á dé ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì. Bó bá ń ṣẹ́jú, ẹ̀yà kan nínú ẹ́ńjìnnì kò jó epo rẹ̀ tán, epo yẹn sì ń lọ ba ohun olówó ńlá jẹ́ nínú ọ̀pá èéfín. Ẹ dúró níbẹ̀.

Ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná. Omi yẹn á fò jáde sójú yín.

Ìyá wa yìí ṣe dáadáa. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pe àwọn tó ń fa ọkọ̀, ó sì pẹ́ dé ilé tó kẹ́yìn. Bàbá arúgbó tó ń tọ́jú níbẹ̀ bínú sí i. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ yẹn bá ṣì ní ìrètí lónìí, ìdúró yẹn ló fún un.

Ó wá kan àyẹ̀wò. "Ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́" kì í ṣe orúkọ àìsàn. Bí ènìyàn bá dé ọsibítù tó ní ara òun ò yá, dókítà ò ní sọ pé kó lọ gorí tábìlì iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gbóná, ó lè jẹ́ tàmósítáàtì ni kò ṣí. Ó lè jẹ́ fáànù ni kò yí, tàbí pọ́ǹpù omi ti rẹ̀, tàbí rọ́bà kan tí omi ń gbà kọjá ti sán. Gbogbo ìwọ̀nyí, owó wọn kò sún mọ́ £1,900. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn mẹ́káníìkì ilé ń pè ní top gasket, ti jó lóòótọ́. Àmì rẹ̀ ni kí omi máa dín kù láìsí ibi tó ń jò, kí èéfín funfun tó ní òórùn dídùn máa jáde lẹ́yìn ọkọ̀ kódà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tán, kí ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì kí ẹ rí nǹkan kan tó funfun bí ògì lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ògì yẹn o. Nígbà òtútù, ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ láti Thamesmead sí Woolwich nìkan, ọ̀nà kúkúrú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í gbóná tó láti lé ìrì inú rẹ̀ jáde. Díẹ̀ nínú nǹkan funfun yẹn á hàn lábẹ́ ìdérí, kò sì sí ohun tó ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí i tí wọ́n fi ògì yẹn nìkan dẹ́rù ba ènìyàn títí tó fi ta ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀.

Àwọn ìdánwò wà tí kò wọ́n. Ọ̀kan wà tó jẹ́ omi aláwọ̀ búlúù nínú ìgò kékeré: wọ́n á gbé e sórí ibi tí wọ́n ń rọ omi sí, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì, bí èéfín iná ẹ́ńjìnnì bá ti ń wọ inú omi ọkọ̀, búlúù náà á yí padà di òféèfé bí àwọ̀ yẹ́lò. Òmíràn wà tí wọ́n fi ń wọn agbára tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan nínú ẹ́ńjìnnì fi ń ti afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù náà wúlò, ṣùgbọ́n ilé tí igbe ti ń wá ni ẹ̀rọ yẹn ń sọ fún yín, kò sọ ẹni tó ń ké. Bí mẹ́káníìkì bá fi ẹ̀rọ yẹn nìkan dá ẹjọ́ ẹ́ńjìnnì yín, ẹ gba nọ́ńbà tó rí sílẹ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìbéèrè tó yẹ ní bíbi ni pé, "Ìdánwò wo lẹ ṣe?" Ìyá yìí padà lọ bi mẹ́káníìkì rẹ̀. Ìyẹn ní ojú lòun fi wò ó, pé òun ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni kejì, kí wọ́n fà á lọ, kó má wà á lọ. Wọ́n lo ìgò búlúù. Ó yí padà. Nítorí náà mẹ́káníìkì àkọ́kọ́ kò purọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ó dá wa lójú.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń fi ọgbọ́n ilé ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nílé, bí ẹ́ńjìnnì bá nọ́ọ̀kì, mẹ́káníìkì á sọ ọ́ kalẹ̀ lábẹ́ igi, ọmọṣẹ́ méjì á máa fọ irin, ẹnì kan á sáré lọ Ládípọ̀ ní Mushin lọ ra ohun èlò, á dé tòun ti iye tó ná àti iye tó fi kún un. Níbẹ̀, ohun èlò ló wọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ ni kò wọ́n. Níhìn-ín, ó yí padà. Gásíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lè má tó £100. Wákàtí tí mẹ́káníìkì máa fi tú ẹ́ńjìnnì kó tó kàn án, tó tún máa fi tò ó padà, ìyẹn ló ń jẹ owó. Àìsàn kan náà tí wọ́n á wò nílé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, ó lè jẹ́ òun ló máa sin ọkọ̀ níhìn-ín. Ẹ sì béèrè bóyá VAT wà nínú iye tí wọ́n dá lé yín. £1,900 tí kò ní VAT nínú, £2,280 ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín níkẹyìn, torí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Ó tó, ẹ jẹ́ ká wá ka owó.

Ohun tí ọmọ ìyá yìí sọ dà bí òye: ọkọ̀ tó ń lọ ní £1,700, ta ni ń fi £1,900 tún un ṣe? Gbogbo ayé ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà. Iye tí wọ́n máa ra ọkọ̀ yín lọ́wọ́ yín kọ́ ni òṣùwọ̀n, torí pé ẹ ò fẹ́ tà á. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, bí ẹ bá fẹ́ ọkọ̀ tó lè gbé yín dé ilé mẹ́rin láàárọ̀, èló ni oṣù kan máa jẹ́ yín?

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní £1,900 yẹn yóò fún un ní ọdún méjì sí i, oṣù 24. Bí £79 lóṣù kan nìyẹn. Ní ìhà kejì, ká ní ọkọ̀ míràn tó ṣeé gbára lé díẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò jẹ́ £3,200, tí àwọn tó ń ra àlòkù irin sì fún un ní £250 lórí ti àtijọ́. £2,950 ló máa jáde lápò rẹ̀. Kí ìyẹn tó tó £79 lóṣù, ọkọ̀ tuntun yẹn gbọ́dọ̀ rìn fún oṣù 37 láìbéèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lóòótọ́, ó ṣì lè rí nǹkan tà á lẹ́yìn náà, ẹ yọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àlòkù wo ló ń lọ ọdún mẹ́ta láìbéèrè owó? Èyí tó wà nílẹ̀, ó mọ ìgbà tó pààrọ̀ táyà rẹ̀, ó mọ ìgbà tí bíréèkì rẹ̀ yí. Ti ẹni ẹlẹ́ni, ẹ̀rín ẹni tó tà á nìkan ló mọ̀.

Mi ò sọ pé kí ẹ máa tún gbogbo ọkọ̀ ṣe o. Ẹ dúró, ẹ gbọ́ tèmi.

Mo ní ọkọ̀ elérò méje kan rí, dísù ló ń mu. Mo lo £450 lórí ìfúnpo rẹ̀. Oṣù mẹ́rin, tọ́bò rẹ̀ lọ, £600. Kò pẹ́, ohun tó ń sẹ́ èéfín dísù dí, £380. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo ń sọ fún ìyàwó mi ni pé, "Mo ti náwó sí i, n kò lè fi sílẹ̀ báyìí." £1,430 nìyẹn, kí ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì tó já ní Pettman Crescent, níwájú ilé àwọn bọ́ọ̀sì ní Plumstead, ní aago márùn-ún ìdájí tí mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ alẹ́. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì kan fọn fèrè sí mi. Ohun tó ń sọ mí di wèrè kì í ṣe owó, ó jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó àná ni mo ń fi dá ẹjọ́ ọ̀la. £450 ti lọ, bóyá mo tún un ṣe tàbí n kò tún un ṣe. Kò yẹ kó wà lórí ìwọ̀n rárá. Bí ẹ bá fẹ́ pinnu, ẹ ṣe bí ẹni pé ẹnì kan fi ọkọ̀ náà ta yín lọ́rẹ láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú àìsàn rẹ̀. Ṣé ẹ ó náwó yìí lé e lórí?

Àìsàn mẹ́ta tó wá lórí ọkọ̀ mi, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, wọ́n sì ń tẹ̀lé ara wọn. Ara tó ti gbó nìyẹn. Ti ìyá yìí, ẹ̀yà kan ló ṣe, ìyókù le. Báwo la ṣe mọ̀? Ẹ lọ sí ojú ìwé ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín, ìtàn MOT rẹ̀ láti ọdún sí ọdún á jáde, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má wo bóyá ó yege nìkan, ẹ ka àwọn ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé lọ́dún méjì léraléra wọ́n ń kọ ọ́ pé ìpẹtà ń jẹ abẹ́ ọkọ̀, ẹ má fi £1,900 so ẹ́ńjìnnì sórí irin tó ń jẹrà. A ṣí ti ìyá yìí. Táyà méjì àti gílóòbù iná kan ni gbogbo ohun tí wọ́n rí láàárín ọdún mẹ́ta.

Ó ku ohun kan tó jẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù nìkan, òun ló sì ń pinnu fún ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì dísù: ULEZ. Ẹ rántí pé nígbà tí wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé South Circular ní 25 October 2021, ibi tí ọ̀nà yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ni Woolwich Ferry. Apá kan Woolwich wọlé, apá kan kò wọlé, Thamesmead sì wà níta pátápátá. Ẹni tó ní dísù àtijọ́ ní Thamesmead lè lọ sí Abbey Wood àti Bexley láìsanwó. Ìyẹn parí ní 29 August 2023, nígbà tó gba gbogbo Lọ́ńdọ̀nù. Pẹtiróòlù tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ 2006, ọ̀pọ̀ wọn kò ní wàhálà. Dísù tó ṣáájú September 2015, ọ̀pọ̀ wọn ń san £12.50 lójúmọ́. Ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sójú ìwé TfL, wọ́n á sọ fún yín láìsí iyàn.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ alẹ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Láti ọ̀gànjọ́ òru dé ọ̀gànjọ́ òru ni wọ́n ń kà á. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tó wà á bọ̀ wá sílé ní aago méje àárọ̀, ọjọ́ méjì ló kà sí. £25 lórí iṣẹ́ alẹ́ kan. Ẹ ṣe alẹ́ mẹ́rìnlá lóṣù tí wọn kò tẹ̀lé ara wọn, £350 nìyẹn. Bí dísù yín bá wà lára àwọn tó ń sanwó, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì tún nọ́ọ̀kì, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò oṣù 24 yẹn. Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ètò tí wọ́n fi ń fún ènìyàn ní £2,000 láti gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ti tì í ní September 2024. Àwọn kan ṣì ń fi í tan ara wọn.

Ọkọ̀ ẹlẹ́rò tí TfL fún níwèé àṣẹ náà ní ìṣirò tirẹ̀. Láti 1 January 2023, ọkọ̀ tí wọ́n bá ń fún níwèé fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè rìn láìtú èéfín jáde. Nítorí náà kì í ṣe ọkọ̀ £3,200 ni dírẹ́bà Uber máa fi rọ́pò tirẹ̀. Fún un, ẹ́ńjìnnì àlòkù tó ní ìdánilójú lè jẹ́ ọ̀nà tó kúrú jù. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ béèrè máìlì tó ti rìn, ẹ béèrè pé oṣù mélòó ni ìdánilójú rẹ̀ àti bóyá iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú rẹ̀, ẹ sì kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tuntun ránṣẹ́ sí DVLA kí wọ́n fi sínú V5C.

Bí ẹ bá ti pinnu pé òmíràn lẹ ó rà, ẹ má sáré. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kú lọ́jọ́ Monday tó ra òmíràn lọ́jọ́ Wednesday, àìsàn ẹlòmíràn ló rà. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní pa yín. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2015, fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá ọkọ̀ tó ní àbùkù padà fún oníṣòwò kí ẹ gba gbogbo owó yín. Lẹ́yìn ìyẹn, títí di oṣù mẹ́fà, òun ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé àbùkù náà kò sí níbẹ̀ nígbà tó tà á. Lọ́wọ́ ènìyàn lásán tó ń ta ọkọ̀ ara rẹ̀ níwájú ilé, ẹ kò ní irú ààbò yẹn. Bí oníṣòwò bá gba kírẹ́díìtì káàdì, ẹ fi san díẹ̀ níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ju £100 lọ, tí kò ju £30,000 lọ, bánkì yín náà wà nínú ẹjọ́ bó bá dijà.

Ẹ sì béèrè irú bẹ́líìtì tó wà nínú ẹ́ńjìnnì náà. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí bẹ́líìtì wọn ń yí nínú ọ́ìlì: Ford 1.0 EcoBoost ti àwọn ọdún àkọ́kọ́, àti PureTech 1.2 ti Peugeot àti Citroën. Bí bẹ́líìtì yẹn bá ti ń gbó, ó ń họ wẹ́wẹ́ bọ́ sínú ọ́ìlì, á dí ibi tí ọ́ìlì ń gbà, ẹ́ńjìnnì á gbẹ. Mi ò sọ pé kí ẹ má rà wọ́n. Mo ní kí ẹ béèrè ìwé tó fi hàn pé ọ́ìlì tó yẹ ni wọ́n lò, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò. Bí ẹni tó ń tà á bá ní ìwé ti sọnù, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká fi ránṣẹ́ sílé," èyí ni mo sọ pé ó kan àwọn ará ilé. Àwọn èèyàn yín ń retí tòkunbọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti 2 April 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, ọwọ́ òsì sì ni ìdarí ọkọ̀ ń wà. Ti Lọ́ńdọ̀nù, ọwọ́ ọ̀tún ni tirẹ̀ wà. Àwọn tòkunbọ̀ tí ẹ ń rí nílé, láti Amẹ́ríkà àti àwọn ìlú bíi Bẹ́ljíọ̀mù ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, ọ̀pọ̀ gba Kútọnu wọlé. Ẹ́ńjìnnì tó ti kú sì kì í jí nínú kọ̀ǹtẹ́nà. Owó ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ẹ ó rà fún àwọn àbúrò yín.

Tó bá jẹ́ pé yíyọ̀ǹda rẹ̀ ló kù, ẹ má gba owó lọ́wọ́. Òfin ti kọ̀ ọ́ pé kí oníṣòwò àlòkù irin fi owó lọ́wọ́ sanwó, bánkì ni kó gbà. Ẹni tó bá na owó sí yín nínú ọgbà ọkọ̀, kò ní kọ orúkọ ara rẹ̀ síbì kan, ọkọ̀ yẹn á ṣì máa jẹ́ tiyín bó bá dé ibi tí kò dáa. Ẹ wá ilé iṣẹ́ tó ní àṣẹ, ẹ gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti rún un, kí ẹ sọ fún DVLA lọ́jọ́ kan náà, torí ìtanràn rẹ̀ lè dé £1,000. Wọ́n á dá owó orí ọkọ̀ tó ṣẹ́kù padà fún yín, oṣù tó bá pé ni wọ́n ń kà. Bí ẹ bá ṣì jẹ gbèsè lórí rẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìyáwó, ọkọ̀ náà kì í ṣe tiyín láti fọ́, ẹ pè wọ́n ná. Ẹ má sì rò pé SORN ni kí ẹ fi pa á mọ́ síwájú ilé. SORN kò gba ojú pópó, àyàfi ilẹ̀ tó jẹ́ tiyín tàbí èyí tí wọ́n fún yín láyè níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá wa. Ìbéèrè kan ló kù tí mo ní kó bi mẹ́káníìkì kejì, òun ni mo kà sí jùlọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: "Bí ẹ bá ṣí i, tí ẹ rí i pé orí ẹ́ńjìnnì ti là, èló ni màá san fún yín kí n tó gbé e lọ?" Ọ̀pọ̀ kì í béèrè. Wọ́n á gbà láti san £1,900, wọ́n á tú ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, mẹ́káníìkì á wá pè pé, "Àǹtí, ó ju bí mo ṣe rò lọ o, £800 sí i." Ọkọ̀ ti wà ní wẹ́wẹ́ nílẹ̀, ẹ ò lè sọ pé rárá mọ́. Owó àná tún ti gbé ọwọ́ lé yín lọ́rùn nìyẹn.

Mẹ́káníìkì náà jẹ́ olóòótọ́. Ó ní £420 ni ṣíṣí, pẹ̀lú kí wọ́n gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ síbi tí wọ́n ti ń dán an wò bóyá ó là. Bí kò bá là, wọ́n á fá a kó tẹ́jú, wọ́n á so ó padà, £1,850 ni gbogbo rẹ̀, VAT ti wà nínú rẹ̀, £420 yẹn náà ti wà nínú rẹ̀. Bó bá là, £420 ni, ọkọ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rún un. Ìyá yìí ní kí wọ́n kọ méjèèjì sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́, ó fi àwòrán ìwé náà ránṣẹ́ sí mi.

Lọ́jọ́ Tuesday ni wọ́n máa ṣí i. Ọmọ rẹ̀ ti ń wo ọkọ̀ míràn lórí fóònù fún un, ọkọ rẹ̀ kò sì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ láti àná. Bàbá arúgbó tó bínú yẹn ti ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, kó máa bá bọ́ọ̀sì bọ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Bí Tuesday bá ti kọjá, màá wá sọ ohun tí wọ́n rí fún yín.